Èéfín Tí Kò Rí Ọ̀nà Jáde: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ilé Ìdáná Ní Ìbàdàn

Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó wà ní agbègbè Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn, ilé ìdáná rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró kan tí ó pààlà láàárín rẹ̀ àti ilé aládùúgbò. Màmá tí ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin àti àwọn ọmọ-ọmọ ń se oúnjẹ fún àwọn tí ń ṣe ìnáwó, nítorí náà iná kì í sábà kú nínú ilé ìdáná náà: wọ́n ń dín ẹran àti ẹja, wọ́n ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ọbẹ̀ ayamáṣe sì ni àwọn oníbàárà fi mọ̀ wọ́n jù lọ. Nígbà tí wọ́n tún ilé ìdáná náà ṣe, wọ́n ra ẹ̀rọ afaèéfín, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní extractor, káfíńtà tí ó bá wọn kan kọ́bọ́ọ̀dù ni ó sì so ó mọ́ ògiri lókè sítóòfù gáàsì. Kí ọdún tó yípo, àjà PVC funfun tó wà lókè ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òróró ń kán láti ojú ìsopọ̀ rẹ̀, òórùn ẹja díndín ń wọ yàrá tí wọ́n ń sùn, orí sì máa ń fọ́ Màmá àti ọmọ wọn ní àwọn alẹ́ kan tí wọ́n bá dáná pẹ́. Ẹni méjì ti wá wò ó ṣáájú mi. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ náà kò lágbára tó, kí wọ́n ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Èkejì ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ. Nígbà tí èmi dé, Màmá sọ fún mi pé, "Ẹ̀ńjíníà, ariwo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé yóò fò lọ, ṣùgbọ́n èéfín kàn dúró síbẹ̀ tí ó ń wò wá ni."

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, kò sì kéré. Ilé ìdáná náà gùn ní mítà 3.6, ó fẹ̀ ní mítà 3, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mítà 2.7, bí a bá sọ àwọn iye wọ̀nyí di púpọ̀, afẹ́fẹ́ tí inú rẹ̀ gbà jẹ́ nǹkan bí kúbíìkì mítà 29. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń lò ni pé kí ẹ̀rọ lè pààrọ̀ gbogbo afẹ́fẹ́ inú yàrá ní ìgbà 10 láàárín wákàtí kan. Fún ilé ìdáná yìí, èyí jẹ́ kúbíìkì mítà 290 ní wákàtí kan, bí a bá sì fi kún un nítorí òwò oúnjẹ, 450 yóò tó. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà ni 1,000. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń ra ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tí ó dí i lọ́nà. Gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, gbogbo ibi tí ó bá ti fún, àti gbogbo asẹ́ tí ọ̀rá bá ti dí ni yóò gba tirẹ̀ nínú agbára náà. Mo ya tíṣù kan, mo fi í sí abẹ́ asẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó yẹ kí tíṣù náà lẹ̀ mọ́ asẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ńṣe ni ó fì díẹ̀, tí ó sì jábọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Mo yọ asẹ́ tí ó dọ̀tí, mo fi tíṣù sí etí ẹnu ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ díẹ̀ náà ni. A jẹ́ pé ẹ̀yìn fáànù ni ìdíwọ́ ńlá náà wà, nínú ọ̀nà tí ó yẹ kí èéfín gbà lọ.

A tú díẹ̀ nínú àwọn pákó àjà náà, mo gun àkàbà, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè. Ẹnu tí ẹ̀rọ náà fi ń tu èéfín jáde fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 15. Ẹni tí ó so ó ti fi okùn páìpù rírọ̀ tí ó rí wúruwùru bọ̀ ọ́, èyí tí kọ́bọ́ọ̀dù ti tẹ̀ pa ní ibì kan. Ó wá fi okùn náà bọ inú páìpù PVC oní-íǹṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà fi ń gbé omi ìdọ̀tí, ìyẹn páìpù tí kò ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ. Bí ènìyàn bá wo 15 àti 10, yóò rò pé ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ihò ni a ń wò, ojú ihò oní-sẹ̀ńtímítà 10 kò sì tó ìdajì ti oní-15. Páìpù PVC kò tilẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ooru ilé ìdáná a máa mú un rọ̀, bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, èéfín olóró ni yóò máa tú. Gbogbo èyí ì bá ṣì kéré. Ohun tí ó burú jù ni pé páìpù náà kò dé ìta rárá. Ó parí sí òkè àjà, lábẹ́ páànù òrùlé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà fà láti orí ìkòkò, orí ara àwọn tí ń gbé inú ilé ni ó kó o lé.

Ohun tí mo rí lókè yẹn dẹ́rù bà mí ju òróró tí ń kán sílẹ̀ lọ. Ọ̀rá ti bo àwọn igi òrùlé tó wà nítòsí ẹnu páìpù, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, ó nípọn. Àwọn wáyà iná tó gba ibẹ̀ kọjá ti ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Igi kan ti hu èbu, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ó ń lọ síbẹ̀. Omi ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé iná gáàsì fúnra rẹ̀ ń mú omi jáde. Kílò kan gáàsì ìdáná tí ó bá jó tán a máa mú oru omi tí ó tó kílò 1.6 jáde, nítorí náà nígbà tí sílíńdà kílò 12.5 bá fi tán, nǹkan bí lítà omi 20 ni ó ti tú sínú afẹ́fẹ́, kí a tó ka èyí tí ń hó jáde láti inú ìkòkò mọ́ ọn. Nínú ilé tí wọ́n ti ń fi gáàsì ṣòwò oúnjẹ, ẹ lè fojú inú wo iye omi tí ó ti gun òkè àjà náà. Ní ìgbà òjò, omi yìí ń mú igi jẹrà. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́, nígbà tí páànù gbóná, tí igi sì gbẹ kanrin, ọ̀rá tí ó bo igi àti wáyà yẹn kò nílò ju kí wáyà kan ta iná pẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni kí ó fi ẹnu páìpù èéfín sí òkè àjà yín, bí ó ti wù kí ó ní òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ ni ó gba ìrònú jù. Mo béèrè àwọn alẹ́ tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Màmá ronú díẹ̀, wọ́n sì ní bí iná NẸ́PÀ bá wà, àwọn a máa dín ẹran títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí àwọn tan jẹnẹrétọ̀, ìgbà náà ni orí máa ń wúwo, tí òòyì sì máa ń kọ́ Màmá. Jẹnẹrétọ̀ náà wà ní ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé, nísàlẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná gan-an. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ bá fà kúrò nínú yàrá gbọ́dọ̀ ní arọ́pò: bí ó ti ń jáde ni òmíràn ń wọlé, ibi tí ó bá sì rọrùn jù ni yóò gbà wọlé. Màmá máa ń ti ilẹ̀kùn pálọ̀ kí òórùn má baà bá àlejò, fèrèsé ẹ̀yìn yẹn nìkan ni ó sì kù fún afẹ́fẹ́. Mo ṣáná sí kọ́ìlì ẹ̀fọn, mo gbé e sí ìta fèrèsé náà, mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Èéfín kọ́ìlì dorí kọ inú ilé tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣe. Gáàsì carbon monoxide tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń gba ààyè atẹ́gùn tí ara nílò, orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé sójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà, mo sì sọ pé n kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn títí a ó fi gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí iwájú ọgbà, jìnnà sí gbogbo fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé wa: bí wọ́n bá ti gba ìmọ̀ràn ẹni tí ó ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ó tóbi jù, èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ tuntun náà ì bá máa fà wọlé. Ewu kan náà ni ó wà ní ilé tí a ti ń fi gáàsì gbé omi wíwẹ̀ kaná, nítorí pé ẹ̀rọ afaèéfín tó lágbára lè fa èéfín rẹ̀ padà láti inú páìpù tí ó yẹ kí ó bá jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo wọn gíga rẹ̀. Láti orí irin tí ìkòkò ń jókòó lé dé abẹ́ ẹ̀rọ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 52. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé-iṣẹ́, tí ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ láìṣí, sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín ní 65 bí sítóòfù bá jẹ́ ti gáàsì. Òṣùwọ̀n ààbò ilẹ̀ Yúróòpù náà nìyẹn, àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ ohun mìíràn. Màmá ní káfíńtà sọ fún àwọn pé bí ó bá ṣe sún mọ́ ìkòkò tó ni yóò ṣe fa èéfín tó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ga jù, èéfín yóò ti tàn káàkiri kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti ń se ayamáṣe, sẹ̀ńtímítà 52 léwu gidigidi. Gbogbo ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ yìí mọ̀ pé a óò kọ́kọ́ gbé epo pupa kaná títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí. Epo tí a ti sẹ́ dáadáa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bí ìwọ̀n 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí a kò sì sẹ́ tó bẹ́ẹ̀ a máa rú ṣáájú ìgbà náà. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ lórí iná títí ó fi kọjá 300 dáadáa, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé iná kan fara kàn án. Ọwọ́ iná tí ó bá sọ láti inú ìkòkò bẹ́ẹ̀ yóò bá asẹ́ tí ó kún fún ọ̀rá, asẹ́ yóò gbé e fún fáànù, fáànù yóò sì gbé e fún páìpù. Ní ti èéfín epo náà, àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé a bá a nílé. Ní ọdún 2010, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, fi èéfín tí ń jáde láti inú díndín oúnjẹ nínú epo tó gbóná gan-an sí ìsọ̀rí 2A, ìyẹn àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fa àrùn náà fún ènìyàn. Àwọn ìyá wa tí ń se oúnjẹ ìnáwó ń fa èéfín yìí símú fún ọ̀pọ̀ wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí pé ẹni tí ó ná owó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí ó má baà fà á símú ni ó tún ń fà á símú nínú yàrá tí ó ń sùn.

Asẹ́ ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀rọ náà jẹ́ ti alumíníọ́mù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun ní ìpele-ìpele kí ọ̀rá lè dúró sí i lára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ti fọ́ sí ihò ní ibi púpọ̀. Ọmọ tí ń ran Màmá lọ́wọ́ ní kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò, ni òun fi ń fọ̀ ọ́, nítorí pé òun ló ń tètè bó ọ̀rá. Òótọ́ ni pé ó ń bó ọ̀rá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ alumíníọ́mù fúnra rẹ̀, gáàsì haidirójìn tí ó ń jáde nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé a sì máa gbiná. A ra asẹ́ tuntun. Ọ̀nà tí mo fi hàn wọ́n kò le: kí wọ́n pa iná ẹ̀rọ láti ibi súwíìṣì rẹ̀ lára ògiri, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, kí wọ́n yọ asẹ́, kí wọ́n rì í sínú omi gbígbóná tí wọ́n ti po ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti ṣíbí bákìn sódà díẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣàn án, kí wọ́n sì sá a títí yóò fi gbẹ tán kí wọ́n tó dá a padà, nítorí pé omi tí ó bá ń kán lára rẹ̀ yóò lọ bá iná. Ilé tí ó ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ nìkan lè máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ilé bí ti Màmá gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ara ẹ̀rọ tí ó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà kò fẹ́ bílíìṣì tàbí irin ìfọkòkò. Aṣọ rírọ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ tó fún un. Kí wọ́n má sì ṣe tan ẹ̀rọ láìsí asẹ́ nínú rẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé fáànù àti inú páìpù ni ọ̀rá yóò lọ jókòó sí, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti ní tètè dé.

Ti iná mànàmáná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ wáyà gílóòbù, wọ́n sì gé wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ó bá a wá dànù, ìyẹn wáyà tí ń darí iná tó bá ṣìnà sínú ilẹ̀ kí ó má baà gbé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ irin ni gbogbo ara rẹ̀, ọwọ́ tútù sì ni ẹni tí ń dáná fi ń tẹ súwíìṣì rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tí a pè gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún un lókè, jìnnà sí ooru, ó so ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ó sì fi fíúùsì 3 ampere sínú púlọ́ọ̀gì dípò 13, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ ti wí. Ó pààrọ̀ gbogbo wáyà òkè àjà tí ọ̀rá ti kàn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri, ọmọ Màmá béèrè bóyá a kò lè fi asẹ́ eléèédú sínú ẹ̀rọ náà kí a má ṣe wàhálà páìpù mọ́, nítorí pé ẹni tí ó tà á fún wọn ti sọ pé ó ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé lò lóòótọ́. Asẹ́ ọ̀rá yóò gba ọ̀rá, asẹ́ eléèédú yóò gba díẹ̀ nínú òórùn, afẹ́fẹ́ náà yóò sì padà sínú ilé ìdáná. Fún ẹni tí ń gbé yàrá àjùmọ̀gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí onílé kò gbà kí ó lu ògiri, ó sàn ju kò sí lọ. Ṣùgbọ́n kò lè gba ooru, kò lè gba oru omi, kò lè gba gáàsì tí iná sítóòfù ń tú, asẹ́ eléèédú púpọ̀ kò sì ṣeé fọ̀. Rírà ni a óò máa ra òmíràn ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ní ilé bí ti Màmá yóò tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kò yẹ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìta ni páìpù gbọ́dọ̀ lọ, ògiri ẹ̀yìn tí sítóòfù fẹ̀yìn tì sì mú kí ó rọrùn. Líńtẹ̀lì kọnkéré tó yí ilé náà ká wà láàárín nǹkan bí mítà 2.1 sí 2.3 láti ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ lu ihò sára rẹ̀ tàbí sára òpó, nítorí pé àwọn ni wọ́n gbé ilé dúró. Bíríkìlà lu ihò náà sí òkè rẹ̀, ní mítà 2.45. A gbé ẹ̀rọ sókè sí sẹ̀ńtímítà 70. Nítorí pé búlọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri náà, ibi tí fíṣà (ike tí a ń kì sínú ihò ògiri) àti ìdè wà tẹ́lẹ̀ ti ń mì, a sì fi kọnkéré dí inú búlọ́ọ̀kù kí a tó lu ibi tuntun, ó sì di ọjọ́ kejì kí a tó gbé ẹrù lé e. Páìpù tí a lò jẹ́ irin tí a fi síńkì bò, inú rẹ̀ ń dán, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 15 láti ẹnu ẹ̀rọ títí dé òpin, láìsí ibi tí ó ti fún. A fi ríbẹ́ẹ̀tì so ó, a sì fi téèpù alumíníọ́mù wé ojú ìsopọ̀. Téèpù aṣọ lásán kò lè fara da ooru àti ọ̀rá.

Ibi tí ó gba sùúrù ni ti aládùúgbò. Ọ̀nà tóóró tí mo mẹ́nu kàn kò fẹ̀, fèrèsé yàrá wọn sì dojú kọ ibi tí páìpù yóò ti yọ. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n a kò lè máa fi imú jẹ ayamáṣe." Ẹ̀tọ́ wọn ni. Dípò tí a ó fi jẹ́ kí páìpù náà parí sí ara ògiri, a ṣẹ́ ẹ sókè lára ògiri ìta títí ó fi kọjá etí òrùlé, a sì fi ìbòrí dé e nítorí òjò. Ìgbọ̀nwọ́ tí ó lé sí i yìí gba díẹ̀ nínú agbára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ tó láti fi sílẹ̀. Apá tí ó la ògiri kọjá dà díẹ̀ sí ìta kí ọ̀rá tí ó bá dì má ṣe ṣàn padà sórí ìkòkò, a sì fi ọmọrí tí ó ṣeé ṣí sí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ìta náà kí ọ̀rá lè máa ṣàn síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń padé fúnra rẹ̀ wà nínú páìpù kí afẹ́fẹ́ ìta àti alángbá má ṣe wọlé. A kò fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí ẹnu rẹ̀, nítorí pé ojú nẹ́ẹ̀tì kéékèèké ni ọ̀rá kọ́kọ́ máa ń dí. Fún afẹ́fẹ́ tí yóò máa wọlé, a lu ihò onígun mẹ́rin, sẹ̀ńtímítà 20 sí 20, sí ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí kòtò ìdọ̀tí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó yí padà pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí èéfín bá ti kún ilé ni wọ́n máa ń rántí tan ẹ̀rọ. Nísinsìnyí, wọ́n ń tàn án kí wọ́n tó tan iná, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Ìkòkò epo ti kúrò ní ojú iná iwájú, ó ti lọ sí ti ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbá èéfín mú dáadáa. Mo ní kí gbogbo ilé gbọ́ ohun méjì láti ẹnu mi. Èkíní ni pé bí epo bá gbiná, kí wọ́n pa gáàsì, kí wọ́n fi ọmọrí dé ìkòkò, kí wọ́n pa ẹ̀rọ afaèéfín, kí wọ́n má ṣe gbé ìkòkò náà, kí wọ́n má sì da omi sí i. Èkejì ni pé bí wọ́n bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ̀rọ yìí kọ́ ni wọn yóò sá lọ tàn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ́ sí, ẹ̀rọ tí ó wà lókè kò sì lè bá a wí. Súwíìṣì tí wọ́n bá tẹ̀ ni ó lè ta iná pẹ́rẹ́ tí yóò jó gbogbo ilé. Kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n sì jáde.

Tíṣù ti ń lẹ̀ mọ́ asẹ́ báyìí, kódà ní agbára àárín, èyí tí Màmá sì ń lò jù nítorí ariwo. Àjà tuntun kò pọ́n, orí fífọ́ náà kò padà wá láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Káfíńtà òrùlé pààrọ̀ igi tí ó hu èbu, ó sì fọ ọ̀rá kúrò lára àwọn tó kù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ náà, a ṣí ọmọrí ìsàlẹ̀ páìpù fún ìgbà àkọ́kọ́, a sì bá òróró dúdú kan tí ó ń fà, tí kò tó kọ́ọ̀pù kan. Mo ti ní kí a máa ṣí i ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Màmá ní rárá, ìnáwó pọ̀ ní oṣù Kejìlá, oṣooṣù ni àwọn yóò máa ṣí i, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.